Ọjọ́ Tí A Fi Kòkó Dí Ọ̀nà Nítorí Bọ́sárì

Ọdún tí epo bẹntiró ṣàdédé gbówó lórí ni, tí àwọn ọlọ́kadà Ìdànrè ń pa ẹ́ńjìnnì bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí epo má baà tán. Àsìkò kòkó ni, nígbà tí oòrùn àti òjò máa ń du ojú ọ̀run mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì lè ti gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu àwọn tó ń fi í ṣe ẹ̀rín. Èmi wà níbẹ̀. Girama ni mo kà mọ, mi ò sì parí rẹ̀ dáadáa, nítorí náà bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo ṣe máa kọ ọ́.

Àbúrò mi obìnrin, Bọ́láńlé, ló wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ nígbà náà. Ó kù díẹ̀ kó parí. Bàbá wa ti kú, oko kòkó kékeré tó fi sílẹ̀ ní ọ̀nà Atosin ni Màámi fi ń bọ́ wa. Ìjọba ti ṣèlérí bọ́sárì, ìyẹn owó ìrànwọ́ fún àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ tó wà nílé ẹ̀kọ́ gíga. Wọ́n kéde rẹ̀ lórí rédíò, Bọ́láńlé forúkọ sílẹ̀, a sì yọ̀. Ọdún yípo, a ò rí nǹkan kan. Ilé ẹ̀kọ́ wá sọ pé ẹni tí kò bá sanwó kò ní jókòó ṣe ìdánwò. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Bí bọ́sárì bá dé kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, àbúrò mi á di olùkọ́. Bí kò bá dé, á kó ẹrù rẹ̀ padà wálé.

A gbọ́ pé ọ̀gá ńlá kan nínú ìjọba ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ wá kí àwọn ìjòyè ní gbọ̀ngàn ìlú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣèpàdé ní àdúgbò Aládé, èmi náà sì tẹ̀ lé Bọ́láńlé lọ. Kọ́lá ni olórí wọn, Kọ́mọ́réèdì ni gbogbo ayé ń pè é.

Ó ní, “Kí ọ̀gá yìí tó dé gbọ̀ngàn, ojú títì ló ti máa sọ fún wa, níwájú gbogbo ìlú, ọjọ́ tí wọ́n máa sanwó.”

Ẹnì kan ní ká dáná sun táyà. Kọ́mọ́réèdì yọ ṣùtì sí i. “Ohun tí ọlọ́pàá ń wá gan-an nìyẹn. Tí wọ́n bá ti rí èéfín, tajútajú ni wọ́n máa fi dá wa lóhùn.”

Ìgbà náà ni mo dìde. Mo ní, “Ẹ jẹ́ ká sá kòkó dí ojú títì. Ta ni ọmọ Ìdànrè tó máa fi táyà tẹ kòkó ẹlòmíràn?”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Kọ́mọ́réèdì gbá mi léjìká. “Bọ̀ọ̀dá Akin, ẹ ò lọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ sì gbọ́n ju àwọn lẹ́kíṣọ̀ wa lọ!” Ìyìn yẹn wọ̀ mí lára ju bó ṣe yẹ lọ.

Bọ́láńlé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Lójú ọ̀nà ilé ló ti bi mí pé, “Bọ̀ọ̀dá mi, bí òjò bá rọ̀ ńkọ́?”

“Òjò ò ní rọ̀.”

“Ṣé ẹ̀yin àti òjò jọ sọ ọ́ ni?”

Màámi ò kọ́kọ́ gbà. Ó ní kòkó yẹn ni oúnjẹ wa títí di ọdún tó ń bọ̀. Ìgbà tó gbọ́ pé nítorí ìwé Bọ́láńlé ni, ó mí kanlẹ̀. “Ẹ kó o. Èmi á bá Olúwa sọ̀rọ̀ lórí òjò.” Aláàdúrà ni Màámi. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó ń mi agogo lẹ́bàá títì bí a ṣe ń tú àpò. Nígbà tí àwọn ìyá yòókù rí kòkó tiwa nílẹ̀, wọ́n gbé tiwọn náà wá. A sá kòkó láti ẹ̀gbẹ́ títì kan dé èkejì, òórùn rẹ̀ gba gbogbo Aládé.

Ọkọ̀ jíìpù ọ̀gá náà dé, ọlọ́pàá tẹ̀ lé e. Ó dúró. Dírẹ́bà sọ̀ kalẹ̀, ó wo kòkó, ó wò wá. Ọ̀gá rẹ̀ pariwo láti inú ọkọ̀ pé, “Kí lò ń wò? Gbà á kọjá!”

Dírẹ́bà ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ọmọ Atosin ni mí. Tí mo bá tẹ kòkó yìí, ìyá mi á ti gbọ́ kí n tó délé.”

Ariwo sọ. Obìnrin kan kígbe pé, “Ọmọ dáadáa! A ó fún ọ níyàwó!” Ọlọ́pàá kan pàápàá rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá náà yí gíláàsì fèrèsé ọkọ̀ wálẹ̀. “Ẹ kó o kúrò, ẹ wá bá mi ní gbọ̀ngàn.”

Kọ́mọ́réèdì dá a lóhùn pé, “A ti wá sí gbọ̀ngàn rí, sà. Ọ̀rọ̀ la gbọ́ níbẹ̀. Ọjọ́ la ń béèrè báyìí.”

Ọ̀gá náà ṣí ilẹ̀kùn, ó gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀. Mo fi ojú mi rí ẹsẹ̀ yẹn. Atẹ́gùn tútù kan fẹ́, mo bojú wo Òkè Ìdànrè, mi ò rí orí òkè mọ́. Òjò ti bò ó.

Èmi ni mo kọ́kọ́ pariwo. “Òjò o! Ẹ kó kòkó!”

Ẹ̀yin tí wọ́n bí sídìí kòkó mọ bó ṣe rí. Lọ́dọ̀ wa, bí òjò bá ṣú lé kòkó sísá, ẹnikẹ́ni kì í béèrè ẹni tó ni ín. Ẹni tó ń kọjá lọ á dúró. Ẹni tó ń bá ọ jà á kọ́kọ́ bá ọ kó o, kí ẹ tó padà sídìí ìjà yín. Kò sí ìgbà tí a ń rò ó, ọwọ́ ló mọ̀ ọ́n. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Pátákó tí a kọ “Ẹ San Bọ́sárì Wa” sí ni Kọ́mọ́réèdì fi ń gbá kòkó jọ. Dírẹ́bà sáré wá, ó la ẹnu àpò fún Màámi, ó bá a so ó, Màámi sì ṣàdúrà fún un.

Bọ́láńlé nìkan ni kò bẹ̀rẹ̀. Ó dúró níwájú jíìpù, ó na ọwọ́ méjèèjì. “Bọ̀ọ̀dá Akin, ẹ fi sílẹ̀! Kòkó tó bá rin, oòrùn á tún yọ sí i!”

Mo ní, “Ṣé orí ẹ pé? Wá gbá àpò mú!” Mo fà á lọ́wọ́ kúrò lójú ọ̀nà.

Dírẹ́bà nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó wọlé, ó sì wa ọkọ̀ gba ojú títì tí àwa fúnra wa ti gbá mọ́. Ọ̀gá rẹ̀ ti gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé. A gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó sọ fún àwọn ìjòyè pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàdé òun lọ́nà, wọ́n sì ṣe dáadáa sí òun.

Ìdánwò bẹ̀rẹ̀, Bọ́láńlé kò wọlé. Kòkó tí a kó bọ́ wa, kò tó owó ilé ìwé. Ọdún kejì ni bọ́sárì dé. Àwọn kan ní àwòrán ọjọ́ kòkó tí àwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù ló ta ìjọba jí, mi ò lè sọ. Kọ́mọ́réèdì tó ṣì wà nílé ìwé gba tirẹ̀, ó parí ìwé. Èmi àti Bọ́láńlé náà lọ síbi tí wọ́n ti ń san án. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ ní ẹni tó wà nílé ìwé lọ́wọ́ ni owó wà fún.

Bọ́láńlé ní, “Sà, torí pé owó yìí ò dé ni mi ò ṣe sí nílé ìwé.”

“Mo gbọ́ ẹ yé, àbúrò,” ni ọkùnrin náà wí. “Ẹni tó kàn.”

Nísinsìnyí, ẹ̀yin àbúrò mi, bọ́sárì ń wá, ó ń falẹ̀, ẹ sì tún ń bi mí bí ẹ ṣe máa jà. Ohun kan ṣoṣo ni mo ní láti sọ. Kí ẹ tó jáde, ẹ kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ohun tí ẹ máa jẹ́ kó bàjẹ́. Àwa ò sọ ìyẹn. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé jọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.

Bọ́láńlé ń tajà ní Aládé báyìí. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Mi ò bínú sí yín. Ọwọ́ yín ò mọ nǹkan mìíràn ni.” Ì bá bú mi, ì bá sàn jù.

Ẹni tó ń kàwé lọ́wọ́ ni gbogbo wa ń jà fún. Àwọn tí ìdádúró owó yẹn lé kúrò nílé ìwé, ìjọba kò kà wọ́n mọ́ akẹ́kọ̀ọ́, àwa náà kò sì kà wọ́n mọ́ ìjà. Títí di òní, kò sẹ́ni tó tíì dúró lójú títì nítorí wọn. Èmi náà kò tíì dúró.