Ikọ́ Inú Ẹ̀rọ Koríko

Wọ́n ní Sàláúdéènì ò tíì lọ. Wọ́n ní lóòótọ́ ni wọ́n kírun sí i lára tí wọ́n sì sin ín, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ṣe gbà á tán ló gba ẹ̀yìn jáde, tó lọ kó sínú ẹ̀rọ tó fi ń gé koríko nígbà ayé rẹ̀. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ti fa okùn ẹ̀rọ náà báyìí, òkú á wúkọ́: méjì kúkúrú, ọ̀kan gígùn, gẹ́lẹ́ bó ṣe ń wú u kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ìyá Sìdí tó ń gbé ògiri kejì tiẹ̀ fi kún un pé òun gbọ́ tó ń bèèrè omi mímu. Ìyá Sìdí yìí kan náà o! Ẹ kí i láàárọ̀, kò ní gbọ́. Òkú ni etí rẹ̀ máa ń gbọ́ kedere.

Sẹ̀gilọlá, ìyàwó olóògbé, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, àmọ́ okùn ẹ̀rọ ti sọ apá rẹ̀ di apá ọkùnrin. Àgbàdo sísè ló ń tà lẹ́yìn Ọjà'ba tẹ́lẹ̀, kó tó máa tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ lọ sí pápá ilé-ìwé kan ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè Mápó. Ọkọ á ti ẹ̀rọ, òun á fi réèkì kó koríko jọ. Nígbà tí ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ọkọ lórí ba, ó gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń tì í fúnra rẹ̀.

Àwọn ará àdúgbò fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. "Ìyá Jamilah, ẹ bá wa gé irùngbọ̀n Lèmọ́mù o!"

Á ní, "Ẹ gbé tiyín wá ná, kí n fi dánra wò."

Ikọ́ náà kò gbóògùn. Wọ́n lo ti ọsibítù, wọ́n lo àgbo, wọ́n lo hàǹtú. Àfáà á fi tàdáwà dúdú kọ ọ̀rọ̀ Kùránì sára wàláà, wọ́n á fi omi fọ̀ ọ́ sínú ìgò, Sàláúdéènì á máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tó kú, ìlàjì ìgò ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀.

Sẹ̀gilọlá ṣe opó rẹ̀ pé, kò yọjú síta. Ilé-ìwé ní àwọn yóò dúró dè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé koríko ti fẹ́ gba orókùn àwọn ọmọ. Ọjọ́ tó jáde opó ló wọ́ ẹ̀rọ bọ́ sí àgbàlá, ó fa okùn. Ẹ̀rọ dáhùn, ó gbọ̀n rìrì, ó tú èéfín funfun, ó wúkọ́. Méjì kúkúrú, ọ̀kan gígùn. Ó kú.

Bàbá Jubril, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ olórí agbo ilé, jáde tòun ti tẹ̀súbáà lọ́wọ́.

"Ìyàwó, kiní yìí ò gbọdọ̀ kọjá Jímọ̀ nílé yìí. Tá a bá ti kírun tán, onírin àlòkù á wá gbé e."

"Bàbá, òun ni mo fi ń jẹun. Òun ni Jamilah fi ń lọ sílé-ìwé."

"Ẹni tó ń wúkọ́ nínú ẹ̀ ńkọ́? Àbúrò mi ni! Ṣé kí n tún máa gbọ́ ọ lójoojúmọ́ ni?" Ohùn bàbá náà já. 

Sẹ̀gilọlá bá gbájú mọ́ ẹ̀rọ. Ó tú púlọ́ọ̀gì, ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ẹnu rẹ̀ títí ó fi ń dán. Ikọ́. Ó fọ fílítà afẹ́fẹ́, ó sá a gbẹ. Ikọ́. Ó ra epo tuntun, ó dà á lé ti inú táńkì. Ẹ̀rọ dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni tó ń ronú, ó tún wúkọ́.

Ohun kan wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí àgbàlá bá ti dá, á fa okùn náà, kì í ṣe torí àtitún un ṣe. Bó bá ti wúkọ́, á ní, "Pẹ̀lẹ́ o, bàbá Jamilah," bó ṣe máa ń wí fún un nígbà tó wà lórí ibùsùn.

Láàárọ̀ Jímọ̀, ó ru ẹ̀rọ lọ bá Zakariyya ní Bẹẹrẹ. Jẹnẹrétọ̀ ló ń tún ṣe, ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ sì ni láti kékeré.

"Ìyàwó mi! Ọkọ wa lẹ rù wá yìí?"

"Ẹ má fi ṣeré, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀sán yìí ni wọ́n fẹ́ gbé e fónírin."

Zakariyya fa okùn. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ó jọ ọ́ o," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́. Ó wo èéfín náà dáadáa. "Ta ló bu omi sínú epo yìí?"

"Omi kẹ̀? Kò sẹ́ni tó bu omi sí i."

Ó fa epo inú táńkì sínú ìgò funfun kan, ó gbé e sínú oòrùn. Nígbà tó silẹ̀, epo léfòó, ó ń dán bí oyin. Nísàlẹ̀ rẹ̀, omi dúdú wà níbẹ̀, ó dá dúró gedegbe.

Sẹ̀gilọlá jókòó sórí táyà.

"Hàǹtú ẹ̀ ni," ló wí. "Ọjọ́ fìdáù, wọ́n ń gbá yàrá, wọ́n ní kí n kó ìgò kúrò. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni, mi ò lè dà á sílẹ̀ kẹ́sẹ̀ máa tẹ̀ ẹ́. Mi ò sì lè mu ún, ti olókùúnrùn ni. Mo wá ronú ibi tẹ́sẹ̀ ò ní dé... Mi ò kà á sí omi, Bọ̀ọ̀dá Zakariyya. Mo ní kó bù kún iṣẹ́ ẹ̀ ni."

Zakariyya kò rẹ́rìn-ín. Ó tú kabúrétọ̀, ó nù ún, ó da epo mìíràn sí i, ó fa okùn. Ẹ̀rọ dún gbọọrọ, kò wúkọ́ mọ́.

"Ẹ tún un fà," ni Sẹ̀gilọlá wí.

Ó fà á.

"Ẹ tún un fà."

"Ó ti dáa báyìí, kí lẹ tún ń retí?"

Sẹ̀gilọlá dìde. Ó gba ìgò omi dúdú náà, ó fi gèlè wé e, ó ru ẹ̀rọ rẹ̀ relé.

Lẹ́yìn ìrun, onírin ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ̀. Sẹ̀gilọlá fa okùn lójú gbogbo wọn. Ẹ̀rọ dún títí, Bàbá Jubril fi ọwọ́ lé onírin lọ. Ó dúró ti ẹ̀rọ náà pẹ́, ó dẹtí sí i. Nígbà tó yá, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ó ti wá lọ báyìí?"

"Bàbá, kò fìgbà kan wà níbẹ̀. Omi ló wọnú epo."