Àkójọ Orúkọ Tó Di Òfìfo

Ọdún mọ́kàndínlógún ni obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Kọ̀ǹpútà fi jókòó sínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn náà. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà láàárín òun àti yàrá abẹ́rẹ́. Ẹ̀rọ tó ń lò ti darúgbó. Irú èyí táwọn èèyàn ń gbé sí pálọ̀ wọn láyé ọjọ́un ni. Kò sí àwòrán lójú rẹ̀. Ojú dúdú ni, lẹ́tà aláwọ̀ ewé, àti ìlà tíntín kan tó ń ṣẹ́jú sí ọ títí wàá fi sọ ohun tí o fẹ́.

Orúkọ igba ó lé mẹ́rìnlá èèyàn ló wà níkàáwọ́ rẹ̀: àwọn tí ara wọn kọ abẹ́rẹ́ kan tí wọ́n sábà máa ń lò. Bí wọ́n bá ṣèèṣì gún ọ̀kan nínú wọn, ọ̀fun rẹ̀ á wú, kò ní lè mí. Nítorí náà, kí nọ́ọ̀sì tó gún ẹnikẹ́ni, á kọ́kọ́ ké sí Ìyá Kọ̀ǹpútà lójú fèrèsé pé kó wo orúkọ onítọ̀hún.

Ẹnu méjì ni ẹ̀rọ náà fi ń gba díìsìkì, A àti B. Àkójọ orúkọ wà nínú A. Láràárọ̀ Mọ́ńdè, Ìyá Kọ̀ǹpútà á da gbogbo rẹ̀ kọ sínú B, bóyá A lè bàjẹ́ lọ́jọ́ kan. Àmọ́ àṣẹ ẹ̀rọ náà lódì lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: ibi tí ẹrù ń lọ lo máa kọ́kọ́ dárúkọ, kó o tó dárúkọ ibi tó ti ń bọ̀. B:=A: ló máa ń tẹ̀. Bó o bá yí i po, ẹ̀rọ ò ní bi ọ́ pé ṣé ó dá ọ lójú. Ohun tó o ní kó ṣe ló máa ṣe.

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ, ó lọ lo oṣù kan lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ yìí ní ẹ̀rọ tuntun, ìyá sì ń bá a to àwọn fọ́tò ọmọ tuntun sínú rẹ̀.

"Màámi, bí tiwa níbí ṣe rí kọ́ nìyẹn o. Ibi tó ti ń bọ̀ lẹ máa kọ́kọ́ kọ."

"Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí! Ẹ̀yìn ti di iwájú lọ́dọ̀ yín."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Kí oṣù náà tó parí, ọwọ́ ìyá ti mọ́ ọn lára.

Mọ́ńdè tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀rọ sọ fún un pé ibì kan ti bàjẹ́ nínú díìsìkì B. Wọn ò ta irú rẹ̀ mọ́ níbikíbi. Ó nu B mọ́ pátápátá, kó lè tún un kọ. Lẹ́yìn náà ló tẹ àṣẹ: A:=B:.

Iná pupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ A, kì í ṣe ti B, ló tàn: ẹ̀rọ ń kọ òfìfo B lé A lórí. Ó na ọwọ́, ó tún fà á padà. Kò sóhun tó lè fà yọ mọ́. Nígbà tí iná náà kú, ó ṣí àkójọ náà. Kò sí orúkọ kan níbẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn kò dáa: ta ló máa mọ̀?

"Ìyá!" Nọ́ọ̀sì ti yọ orí lójú fèrèsé. "Ẹ bá mi wo káfíńtà yìí."

Ó tẹ orúkọ náà. "Kò sí," ni ẹ̀rọ wí. Ó wo ọ̀rọ̀ náà. Ó gbọ́ tí nọ́ọ̀sì ń fọ́ orí ìgò oògùn.

"Má gún un!" Ohùn rẹ̀ ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. "Mo ti pa gbogbo orúkọ náà rẹ́. Má gún ẹnikẹ́ni!"

Káfíńtà ò mọ orúkọ abẹ́rẹ́ kankan, ni wọ́n bá pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù. Obìnrin náà pariwo: "Abẹ́rẹ́ yẹn kẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ pa á ni? Wọ́n gbé e délé bí òkú lọ́jọ́sí!"

Ìyá Kọ̀ǹpútà ní òun máa fiṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà jókòó tì í. "Màmá, bí ẹ bá lọ, ta ló máa rántí wọn?" Ó gbé ìwé àti bírò fún un. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti rántí ọgọ́jọ. Ìyókù jẹ́ mẹ́rìnléláàádọ́ta, wọ́n sì ń rìn láàárín ìlú. Bí ẹnikẹ́ni bá kí i lójú títì, á béèrè bóyá ara rẹ̀ kọ abẹ́rẹ́ náà. Àwọn kan ń fi í rẹ́rìn-ín. Ó rí mọ́kànlélọ́gbọ̀n bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù keje lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé láti ilé ìwòsàn mìíràn: ṣé ẹ ní orúkọ awakọ̀ akẹ́rù yìí lákọsílẹ̀? Bó ṣe rí orúkọ náà báyìí ló rántí rẹ̀, àti àdúgbò rẹ̀, àti ọdún tó kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ti gún awakọ̀ náà ní abẹ́rẹ́ yẹn lọ́hùn-ún, ó sì ti kú lọ́jọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn.

Ìyá Kọ̀ǹpútà wọ ọkọ̀ lọ bá ìyàwó tí awakọ̀ náà fi sílẹ̀. Kò fi nǹkan kan pa mọ́. Opó náà gbọ́ ọ dópin, ó ń fi ọwọ́ tẹ́ aṣọ orí tábìlì títí.

"Ẹ̀yin wá," ló wí nígbẹ̀yìn. "Àwọn tó gún un ò wá." Ó dìde, ó ṣílẹ̀kùn fún un, kò sì sin ín dé ìta.