Omi Ọṣẹ Nídìí Róòsì Alhaja

Nígbà tí mo kó dé ilé Alhaja ní Ìtamàgà, yàrá kan péré ni mo gbà. Ọmọ Ọ̀ṣun ni mí, iṣẹ́ ló gbé mi wá sí Ìkòròdú. Alhaja ló ni ilé. Ọkọ wọn ti kú, ojú wọn sì ti ń ṣú lọ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n lè rí i pé ènìyàn dúró níwájú wọn, ṣùgbọ́n ohùn ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó jẹ́.

Igi róòsì kan wà lábẹ́ fèrèsé wọn. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì, tó rẹwà tí kò sì ní òórùn. Èyí ga tó àyà mi, òdòdó rẹ̀ kò pupa, kò funfun, àárín méjèèjì ló wà. Bó bá ti là, gbogbo yàrá ilé ló ń ta sánsán. Ọkọ wọn ló gé ẹ̀ka rẹ̀ wá láti ilé ìyá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sọ àkọ́bí wọn lórúkọ. Lẹ́yìn ìrun Alásàárì, Alhaja á gbé àga síbẹ̀, wọ́n á máa fọwọ́ wá kòkòrò lábẹ́ ewé.

Aṣọ funfun la ń wọ níbi iṣẹ́ mi. Gọ́tà wa dí lóṣù kan báyìí, mo sì ń da omi ọṣẹ tí mo fi fọ̀ wọ́n, tí bulíìṣì wà nínú rẹ̀, sídìí róòsì náà. Sátidé mẹ́ta ni mo fi ṣe é, mi ò ronú sí i. Ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó ń rẹ̀. Nígbà tí mo fi máa mọ ohun tí mo ṣe, ẹ̀ka ti gbẹ bí igi ìdáná.

Alhaja pè mí. “Ọmọ mi, mi ò gbóòórùn róòsì yìí mọ́. Kí ló ṣe é?”

“Òjò ló pọ̀ jù, mà.”

Wọ́n mi orí, wọ́n gbé àga wọn wọlé. Ì bá sàn kí wọ́n bá mi jiyàn. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìnkùlé ni mo ń gbà wọlé. Lọ́jọ́ kan mo ṣe bí ẹni tó kàn ń tàkúrọ̀sọ, mo bi wọ́n bóyá ìyá igi náà ṣì wà ní Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ní ó wà.

Mo ti bá wọn gbé ẹran Iléyá lọ sílé ìyá ọkọ wọn níbẹ̀ rí, nítorí náà mo mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ Sọ́ńdè mo wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́. Àbúrò ọkọ wọn obìnrin ni mo bá lẹ́yìn ilé, wọ́n ń yan ẹja. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní ẹ̀ka róòsì ni mo wá tọrọ.

“Ta ló rán ọ?”

Mo fẹ́ tún parọ́. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, omijé sì ń bọ́ lójú mi.

Wọ́n yí ẹja tó wà lọ́wọ́ wọn padà sórí iná kí wọ́n tó fèsì. “Ìyàwó wa ti pè mí. Ó ní òun bẹ̀rẹ̀, òun fọwọ́ kan ilẹ̀ ìdí róòsì náà, òun sì gbóòórùn bulíìṣì. Ó ní ta ló tún ń fọ aṣọ funfun nínú ilé náà bí kò ṣe ìwọ? Ó ní ojú ló ń tì ọ́, pé bí o bá dé ọ̀dọ̀ mi, kí n má bá ọ wí.”

Mi ò lè gbé orí sókè. Wọ́n fà mí dìde, wọ́n mú mi lọ síbi kànga níbi tí igi náà wà. Ewúrẹ́ ti jẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n òkè dára. Wọ́n gé ẹ̀ka márùn-ún tó nípọn bíi pẹ́ńsùlù, wọ́n já ewé ìsàlẹ̀ dànù, wọ́n fi àkísà tútù wé e fún mi.

Nígbà tí mo délé, ọ̀dọ̀ Alhaja ni mo kọ́kọ́ gbà lọ. “Ẹ jọ̀ọ́, mà. Èmi ni mo pa róòsì yín.”

“Mo ti gbọ́,” ni wọ́n wí. “Gbé ẹ̀ka náà wá kí n fọwọ́ kàn án.”

A jọ gbìn wọ́n sínú ike, a fi ọ̀rá bò wọ́n kí iyẹ̀pẹ̀ má bàa tètè gbẹ. Mẹ́ta kú. Adìyẹ tú ìkẹrin jáde. Ìkarùn-ún ló yọ ewé. Nígbà tó lágbára, a wa ilẹ̀ abẹ́ fèrèsé jìn, a kó iyẹ̀pẹ̀ àtijọ́ dànù, a fi ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà rọ́pò rẹ̀, a sì gbìn ín síbẹ̀.

Ojú Alhaja ti wá fọ́ tán báyìí. Èmi ni mo ń gé róòsì náà. Wọ́n á dúró tì mí, wọ́n á gbé ọwọ́ lé mi léjìká, wọ́n á ní, “Ibi tí èéhù rẹ̀ ti kọjú síta ni kí o ti gé e. Ṣé o rí i?” Mo sì máa ń rí i.