Ìkúnlẹ̀ Mọ́mì Káyọ̀dé

Ẹ bá mi wo fọ́tò tí wọ́n gbé síta yìí, inú ń bí mi gidi gan-an.

Láàárọ̀ yìí, ìjọba wá ṣe ìpolongo lórí oògùn olóró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ní Hillbrow, nílẹ̀ àjèjì tá a wà níbí. Tẹ́ǹtì ńlá, orin tó ń di èèyàn létí, T-shirt fún gbogbo ẹni tó ń kọjá.

Mọ́mì Káyọ̀dé, tá a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wá. Nyaope, oògùn olóró tí ọmọ yẹn ń fà, ti jẹ́ kó gbẹ bí igi. Obìnrin náà kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú ọ̀gá wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi gbà á síbi ìtọ́jú."

Ọ̀gá ní, "Eish, màmá, kò sí bẹ́ẹ̀dì. Owó ìtọ́jú ti tán. Ẹ gba T-shirt."

Mo ṣí fóònù báyìí, mo rí fọ́tò rẹ̀ lórí péèjì wọn, lórí ìkúnlẹ̀ tó wà. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ìyá kan ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba."

Ọpẹ́ kẹ̀! Owó tẹ́ǹtì ò tán, owó ayafọ́tò ò tán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ pé ìkúnlẹ̀ ẹ̀bẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọpẹ́, ẹ lọ sọ fún wọn níbẹ̀.

Mọ́mì Káyọ̀dé ò tíì rí i. Ta nínú yín ló máa lè fi hàn án?