Ìlà Tó Wọ Abẹ́ Òdo

Láti ìgbà tí ọkọ Ìyá Gíráàfù ti kú, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan bébà tó wà lára ògiri yàrá iṣẹ́ wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wọn ló sọ obìnrin náà lórúkọ yẹn, nítorí bó bá kí ènìyàn tán, ọ̀rọ̀ gíráàfù, ìlà ìṣirò tí wọ́n ń fà sórí bébà, ló kàn. Òun àti ọkọ rẹ̀ jọ ń wo irin kan ni: bó ṣe ń tutù sí i, wọ́n á sàmì agbára rẹ̀ sórí bébà. Àyè tó wà lábẹ́ ìlà náà ni wọ́n fẹ́ fi fojú bu iye kan tó kó gbogbo ipò tí irin náà lè wà pọ̀, kálukú pẹ̀lú ìwúwo tirẹ̀, ìyẹn bó ṣe ṣeé ṣe tó kí irin náà wà níbẹ̀. Bí òtútù bá mú, ipò tó ń gba agbára púpọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ wúwo mọ́.

Ẹ̀rọ wọn ò lè dé ibi tó tutù jù. Ọkọ rẹ̀ ló fi pẹ́ńsù fa ìyókù ìlà náà nígbà tí àìsàn ti wọ̀ ọ́ lára, ó sì fà á gbọọrọ wọ abẹ́ òdo. Òdo sì rèé, ilẹ̀ ni. Agbára irin náà ò lè rẹlẹ̀ jù ú lọ. Ìyá Gíráàfù mọ̀, ó kàn ń ṣe bí ẹni tí ò rí i ni. Ohun tí ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ṣe kẹ́yìn láyé nìyẹn, àárò rẹ̀ sì ń sọ ọ́ tọ̀sán-tòru.

Ọ̀gá ẹ̀ka wọn wọlé. "Ìyá wa, ẹ dákun, àwọn tó fẹ́ tẹ iṣẹ́ yín jáde ń béèrè iye yẹn. Orúkọ ẹ̀yin méjèèjì ló wà lórí iṣẹ́ náà."

"Ẹ fi ìlà yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà."

"Kí àwọn ọmọ àná wá máa fi bàbá ṣe yẹ̀yẹ́?"

Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá rí àṣìṣe nínú iṣẹ́, oúnjẹ ò ní lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́! Ìyá Gíráàfù já bébà náà kúrò lára ògiri, ó mú rọ́bà, ó pa ìlà ọkọ rẹ̀ rẹ́, ó fa òmíràn tó rọra ń sún mọ́ òdo láìkàn án. Ó ka àwọn àpótí kéékèèké ojú bébà tó wà lábẹ́ ìlà tuntun náà, ó ṣírò, iye náà sì jáde dáadáa.

Ṣùgbọ́n dúdú pẹ́ńsù nìkan ló lọ. Ọkọ rẹ̀ kì í rọra tẹ pẹ́ńsù. Ojú ìlà tirẹ̀ ti jin sínú bébà. Ìyá Gíráàfù dijú, ó fi ìka tọ̀ ọ́ láti ibi tí àmì parí sí, títí wọ abẹ́ òdo, níbi tí nǹkan kan ò lè dé.

"Ẹ ò bá ti dúró dè mí," ló wí fún ọkọ rẹ̀.