Orin Irin Tí A Fi Kọ Ebè

Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé orin wo ló dára, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó dá a lóhùn. Èmi ò wo ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi.

Tíṣà kan tó háyà yàrá lọ́dọ̀ mi ní Tẹ̀dé ló fi mẹ́mórì fóònù kan sílẹ̀ fún mi nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Orin òyìnbó ló kún inú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní prọgirẹ́sífù mẹ́tà. Píráímárì mẹ́rin ni mo kà mọ, nítorí náà orin irin ni mo ń pè é ní tèmi. Gìtá inú rẹ̀ ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta tí òkúta há sí lẹ́nu. Olórin á bú ramúramù bí akọ màlúù, tó bá yá, á wá rọ ohùn bí ìyá tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Orin kan ṣoṣo lè gùn títí iṣu tí èèyàn ń sun á fi jiná. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí i lóko, aparò méje ló já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ṣíṣà ni mo ń ṣà wọ́n sápò. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó lọ bi aparò.

Àwa mẹ́rin la jọ ń ṣe àáró nígbà náà: lónìí a kọ ebè lóko tèmi, lọ́la a lọ sí ti ẹlòmíràn. Òfin wa ni pé ẹni tó lóko lọ́jọ́ náà ló ń yan ohun tí a máa gbọ́ nínú sípíkà kékeré tí a so mọ́ igi òrí. Àwọn méjì á yan wáàsí tàbí fújì. Bó bá ti kàn mí, orin irin ni.

"O tún ti gbé ìjà àwọn àǹjọ̀nnú dé!" Wọ́n á sì fi ewé dí etí.

Ọ̀rẹ́ mi nìkan ló bi mí pé, "Èwo ni kí n kọ́kọ́ gbọ́ níbẹ̀?"

Láti ọjọ́ tí ìyàwó mi ti kú, kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Mo yá a ní mẹ́mórì náà, mo ní kó kọ́kọ́ gbọ́ àwo tí wọ́n ya afárá wíwó sí, kó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, nítorí ìtàn kan ṣoṣo ni, ẹni tó bá fo ibì kan níbẹ̀ á ṣìnà. Lẹ́yìn náà, kó gbọ́ èyí tí wọ́n ya ẹja sí. Ṣùgbọ́n bó bá ń kọ ebè, kó fi orin karùn-ún inú àwo afárá sílẹ̀ ná, nítorí ìlù ibẹ̀ kì í ka mẹ́rin. Méje ló ń kà, á tún ju ọ̀kan nù lójijì.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n panu mọ́. Mo ní, "Èmi nìkan ló lè fi orin karùn-ún ṣiṣẹ́. Mo fi kọ igba ebè lánàá, oòrùn ò tíì kan àtàrí."

"Igba? Ìwọ? Pẹ̀lú ẹ̀yìn rẹ tó ń dún bí ilẹ̀kùn yẹn?"

"Bí mo bá purọ́, kí iṣu mi má ta."

Ọgọ́ta ni mo kọ. Abẹ́ igi ni mo ti lo ìyókù ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀rẹ́ mi dá lọ sóko rẹ̀, ó ṣí orin karùn-ún. Ẹni tó ti ń kọ ebè láti kékeré, apá rẹ̀ ti mọ ìlù tirẹ̀: gé e, fà á, gbé e, dà á. Mẹ́rin ni. Ó fẹ́ fi mẹ́rin yẹn bá méje rìn. Níbi tí ìlù ti ju ọ̀kan nù, ọkọ́ ò bá ilẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ló bá. Ìtọ̀ ṣúgà wà lára rẹ̀, mo sì mọ̀. Egbò ò jiná. Ọsibítù ìlú Ṣakí ni wọ́n ti gé ẹsẹ̀ náà.

Nígbà tó délé, mo ru iṣu lọ kí i. Ìyàwó rẹ̀ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ kú ìrìn, bàbá ìbejì. Ṣé iṣu òótọ́ lẹ gbé wá, àbí iṣu irọ́?"

Ọ̀rẹ́ mi dáhùn láti inú yàrá: "Jẹ́ kó wọlé." Mo wọlé. Kò jẹ́ kí n jókòó. "Ebè mélòó lo kọ lọ́jọ́ náà?"

Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kí n sọ. Ó ń wò mí, ó fẹ́ dárí jì mí. Mo rí i lójú rẹ̀. Mo ní, "Igba dín díẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó kọjú sógiri. "Dá iṣu rẹ̀ padà fún un," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Kó lọ jẹ ti òótọ́, ti irọ́ ò lè kún ikùn rẹ̀."

Àáró wa tú. Ní báyìí, tí mo bá ń lọ kí ìrun Alásárì, mo máa ń gbọ́ àwo afárá láti ojú fèrèsé ọ̀rẹ́ mi, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bí mo ṣe ní kó gbọ́ ọ. Kì í fo orin karùn-ún. Lọ́jọ́ kan mo dúró lẹ́bàá ògiri, mo pariwo wọlé: "Ṣé o ti gbọ́ ti ẹja?" Ó yí ohùn sípíkà sókè títí ó fi ń ya.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, ẹ bá mi gbọ́ ti ẹja yẹn. Orin kẹta ló dùn jù níbẹ̀. Ẹ má fi kọ ebè o. Ọgọ́ta ni mo kọ.