Ọjọ́ Tí Mi Ò Lè Fá Orí Ọ̀rẹ́ Mi

Òórùn ọṣẹ ìfárí àti ti sípíríìtì ló kọ́kọ́ máa ń kí ènìyàn kó tó rí ṣọ́ọ̀bù mi ní Agbonou, lẹ́bàá títì tó lọ sí Atakpamé, ní ilẹ̀ Tógò. Ká sọ òótọ́, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù: àga onígi kan ni, dígí kan tí mo so mọ́ igi máńgòrò, àti bẹ́ǹṣì fún àwọn tó ń dúró. Abẹ kan ṣoṣo ni mo ní. Bàbá mi ló fún mi, mo sì máa ń pọ́n ọn lára awọ títí yóò fi dán. Orí mẹ́wàá, orí ogún, abẹ kan náà ni. Mo kàn máa ń nù ún ni. Kò sẹ́ni tó rí ohun tó burú níbẹ̀.

Nígbà náà, àwọn ọdún 1980 ti ń lọ sópin, rédíò sì ti ń dárúkọ àrùn kan, sídà, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní éèdì. Orúkọ rẹ̀ la mọ̀, a kò mọ ìwà rẹ̀. Lórí bẹ́ǹṣì mi, ẹnì kan á ní ẹ̀fọn ló ń gbé e kiri, ẹlòmíràn á ní àrùn àwọn tó ń rìn jìnnà ni.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni ọ̀rẹ́ mi dé. A jọ dàgbà ni. Awakọ̀ akẹ́rù ni, Àbíjàn ló máa ń ná. Ó ti rù débi pé ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń fẹ́ lára rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Ó jókòó sórí àga, ó ní, "Bá mi fá a kodoro." Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n lọ. Mo mú abẹ, mo wo orí rẹ̀, mo sì fà sẹ́yìn.

Mo ní, "Ọ̀rẹ́, abẹ mi kò mú. Jọ̀ọ́, padà wá lọ́la."

Ó wo abẹ náà nínú dígí, bó ṣe ń dán. Ó dìde, ó lọ.

Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rù nìkan. Mo fẹ́ mọ̀. Mo wé abẹ náà sínú aṣọ, mo lọ bá nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kékeré wa, obìnrin kan tí kì í kánjú dáhùn. Mo bi í: bí mo bá fọwọ́ kan orí ẹni tó ní àrùn náà ńkọ́? Òógùn ńkọ́? Àga ńkọ́? Ife omi ńkọ́? "Rárá" ló fi dáhùn gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo tú aṣọ, ó gba abẹ náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Inú ẹ̀jẹ̀ lọ̀rọ̀ wà, onígbàjámọ̀. Ṣé abẹ yìí máa ń gé èèyàn?"

"Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, Màmá."

"Ṣé o máa ń sè é kó o tó lò ó fún ẹlòmíràn?"

Orí gbogbo àdúgbò wá sí mi lọ́kàn, títí kan tèmi. Ó ní ohun púpọ̀ ló ṣì wà tí àwọn kò mọ̀ nípa àrùn náà, àmọ́ bíléèdì tuntun fún orí kọ̀ọ̀kan, ìyẹn dá òun lójú.

Lọ́jọ́ kejì mo ra bíléèdì, mo lọ sílé ọ̀rẹ́ mi. Ìyá rẹ̀ gbé àpótí jáde fún un, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ rí i pé màá fọwọ́ kàn án lóòótọ́. Mo fi ọṣẹ pa orí náà; ó gbóná lábẹ́ ọwọ́ mi. Bí mo ṣe ń ya bébà bíléèdì, ó rẹ́rìn-ín. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó mú bíléèdì kan tí wọn kò tíì tú jáde.

"Dókítà ti ṣàlàyé fún mi ní Àbíjàn," ó ní. "Mo mú un dání wá sọ́dọ̀ rẹ lánàá. Mo ń retí kó o bi mí ni."

Tirẹ̀ ni mo fi fá a.

Mo ń fá a bẹ́ẹ̀ títí ọyẹ́ fi dé, tí ọ̀rẹ́ mi sì kú. Lónìí, mo ń rí àwọn tó ń lo oògùn wọn lójoojúmọ́, tí wọ́n ń darúgbó pẹ̀lú àrùn yẹn, inú mi sì ń dùn fún wọn. Àmọ́ ohun tí mo lọ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ẹni tó mọ ìdáhùn rẹ̀ ti jókòó sórí àga mi, mo sì lé e dìde. Láti ìgbà náà, bí ọ̀rọ̀ ẹnì kan bá ṣe mí ní kàyéfì, òun fúnra rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń bi.